Ọkọ̀ gbá ni lẹ́yìn, ọrùn ń ro díẹ̀díẹ̀: ṣé a lè dúró?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọkọ̀ bá gbá tèèyàn lẹ́yìn lọ́nà Iléṣà sí Ifẹ̀, tí ọrùn kàn ń ro díẹ̀, ṣé a lè fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó ná? Inṣọ́ránsì ẹni tó gbá ni la fẹ́ fi gba owó ìtọ́jú.

Bàbá Kíléèmù: Ẹ má dúró rárá. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ: ilé ìwòsàn Wesley Guild wà n'Íléṣà, ilé ìwòsàn OAUTHC wà n'Ífẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pẹ́, iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì á ní ibòmíì lẹ ti gbé ọrùn dídùn wá. Ẹ sọ fún dókítà pé ìjàǹbá ọkọ̀ ni, kó kọ ọjọ́, aago àti gbogbo ibi tó ń dùn yín, bó ti wù kó kéré tó. Ohun tí ò sí nínú fáìlì, ẹ má retí owó ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Irú ọrùn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń le sí i lọ́jọ́ kejì. Bí èébì bá dé, tàbí oorun àsùnjù, tàbí inú ríro, ẹ padà síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ya ẹ́síréè kí ẹnikẹ́ni tó fa ọrùn náà. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn oníṣègùn eegun, rìsíìtì wọn dà?)

Ayọ̀ Dẹ́rẹ́bà: Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ ẹni tó gbá yín, kẹ́ ẹ fi *565*11# yẹ inṣọ́ránsì ẹ̀ wò, ayédèrú pọ̀ nígboro. Ẹ pe Road Safety, 122, kẹ́ ẹ sì gba rìpọ́ọ̀tù ọlọ́pàá. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé "mo ti gba owó mi tán" nígbà tí ìtọ́jú ò tíì parí.