Ipáyá àbí ìpáyà?

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Mo ka lẹ́tà yín lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún ohun tí ẹ̀kọ́ físíìsì ń pè ní "power", èyí tí wáàtì ń wọ̀n. Ẹ ní, níwọ̀n bí a ti ń fi ipá ("force") lọ́po ìyára kí a tó rí iye wáàtì, kí a gé méjèèjì, kí a lẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ó di "ipáyá". Ẹ má bínú, kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ.

Ẹ pè é sí ọmọ ọdún 14 létí. Ìpáyà ni yóò gbọ́. Bí kò bá gbọ́ ìpáyà, yóò bi yín pé ọwọ́ ta ni wọ́n ti yá ipá. Ẹ tiẹ̀ kọ "ipá ìyára" pé pérépéré, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì bá tẹ̀ léra báyìí, èkejì ló ni èkíní. Ibo ni ìlọ́po wà níbẹ̀?

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ náà "agbára" wà nílẹ̀ fún "power". Ẹni tó fi ipá 500 níútìnì (níútìnì ni a fi ń wọn ipá) ti ẹrù, tí ẹrù ń lọ mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1,000 wáàtì ni agbára rẹ̀. Ẹni tó fi 1,000 níútìnì ti tirẹ̀, tí ó ń lọ mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye kan náà ni. Ẹni tó ń ti ògiri, tó ń làágùn títí ilẹ̀ fi ṣú ńkọ́? Ipá wà, ògiri ò sún, agbára tó dé ara ògiri jẹ́ òdo. Àwọn tó ń pe "force" àti "power" méjèèjì ní agbára kò lè sọ gbólóhùn yìí kó yéni. Níbẹ̀, mo wà lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n ipáyá yín kò rántí ìhà tí ipá kọjú sí: bí okùn tí ẹ fi ń fa ẹrù lórí ilẹ̀ títẹ́ bá fi igun dígírì 60 gòkè, ìdajì ipá yín péré ló ń bá ẹrù rìn.

Ẹṣin tí James Watt, onímọ̀ ẹ̀rọ, fi wé ẹ̀rọ rẹ̀ sì ńkọ́, tí ọ̀kan ń lọ sí 746 wáàtì? Agbára ẹṣin ni mo ń gbọ́. N kò gbọ́ ipá ẹṣin rí.

Ẹ ní bàbá yín máa ń wí pé "ipá mi ò ká a". Apá ni bàbá tèmi ń wí, kò sì ṣi ohùn pè títí ó fi kú. Ọgbọ̀n ọdún tí ẹ fi kọ́ni, ẹ kú iṣẹ́, àmì ohùn ò mọ àgbà.

Ẹni tó kọ lẹ́tà tirẹ̀ pé kí a pe ohun tí júùlù ń wọ̀n ("energy") ní "okun", mo fara mọ́ ọn, bí yóò bá ṣèlérí pé òun á máa fàmì sí i. Nínú lẹ́tà rẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ òkun, mi ò mọ èyí tó jẹ́ okùn.