Kí la fi ń yọ ẹnu láàárín wáìnì kan sí èkejì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wáìnì mẹ́fà la fẹ́ tọ́ wò l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí. Tó bá ti di ẹ̀kẹta, gbogbo wọn á máa jọra lẹ́nu. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Omi lásán ni, kó má tutù, torí omi yìnyín máa ń pa ahọ́n kú. Ẹ fi yọ ẹnu, kẹ́ ẹ tu ú dànù. Ẹ wá jẹ búrẹ́dì díẹ̀, èyí tí kò ní ṣúgà. Ṣúgà á mú kí wáìnì tó kàn kan gógó.

Ìdáhùn: Wáìnì pupa ló ṣòro jù láti yọ kúrò lẹ́nu. Tánìnì, ìyẹn èròjà inú rẹ̀ tó ń mú ẹnu gbẹ, máa ń so mọ́ èròjà inú itọ́, ẹnu á wá gbẹ bíi ti ẹni tó jẹ obì. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì kí itọ́ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé obì tàbí orógbó síbẹ̀ rárá!

Ìdáhùn: Ẹ tọ́ wáìnì funfun wò ṣáájú pupa, kí aládùn kẹ́yìn.