Ẹ bá mi wò ó: igi Dürer ni àbí bàbà Raimondi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa àwòrán àtijọ́. Mo ra bébà kan níbi tí wọ́n ti ń ta àlòkù: Màríà àti Jósẹ́fù ń gbé Jésù sá lọ sí Íjíbítì. Lẹ́tà A ńlá wà nísàlẹ̀, D kékeré sì wà lábẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ Albrecht Dürer ará Jámánì ni. Àfi ìgbà tí mo kà pé Marcantonio Raimondi, afínwòrán ará Ítálì, ṣe àdàkọ 17 nínú àwòrán ìgbésí ayé Màríà tí Dürer yà, ní nǹkan bí ọdún 1506. Àní àmì AD yẹn gan-an, kò yọ ọ́ sílẹ̀!

Igi ni wọ́n fín ti Dürer sí, kí wọ́n tó fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà; bàbà ni Raimondi lò. Etí bàbà máa ń tẹ bébà wọnú, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti gé etí tèmi mọ́ àwòrán pátápátá (ẹ wo iṣẹ́ ibi!). Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, kò sí ọ̀rọ̀ Látìnì bíi ti ìwé àwọn àwòrán Màríà yìí tí Dürer tẹ̀ jáde ní 1511.

Tí mo bá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, kí ni kí n máa wá lára àwọn ìlà náà? Ṣé lóòótọ́ ni yíǹkì ti bàbà máa ń ga díẹ̀ lórí bébà? Àbí ẹ̀dà ayé òde òní lásán ni mo rà? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ tà á o, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni.