Àbọ̀ lórí rímù kẹ̀kẹ́ mi: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀. Mo bi yín nígbà yẹn pé rímù wo (òbìrìkìtì ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí táyà ń wọ̀ mọ́) ni kò ní tẹ̀ mọ́ mi nídìí, torí méjì ti tẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta lójú ọ̀nà oko kòkó ní Ìdànrè.

Mi ò ra ti kábọ́ọ̀nù, èyí tó fúyẹ́. Alumíníọ̀mù onípele méjì ni mo rà, íǹṣì 29, onísípóòkù 32 (àwọn wáyà tín-ínrín tó so rímù mọ́ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́). Ẹ̀gbọ́n tó ń bá mi tún kẹ̀kẹ́ ṣe l'Ákùrẹ́ ń fìka ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta gìtá. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rọ̀ ju ti àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, á fún un sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún fún wọn le sí i. Ẹ má fojú fo ìyẹn o! Sípóòkù tuntun máa ń dẹ̀, bó bá sì ti dẹ̀, rímù ò ní pẹ́ wọ́.

Táyà mi fẹ̀ tó íǹṣì 2.4. Gíà tó fúyẹ́ jù lára kẹ̀kẹ́ náà jẹ́ eyín 32 níwájú, 51 lẹ́yìn. Torí náà, mi ò sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ mọ́ tí mo bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Oṣù méje rèé, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, rímù ò tẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an, pàápàá ẹni tó ní kí n má wá èyí tó fúyẹ́ jù. Mo pa ọ̀rọ̀ yìí dé síbí.