Ṣé àjọ̀dún ìwé ń ṣe ẹni tó ń kọ̀wé fún ọmọdé láǹfààní? Mo ń wá ìmọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ìwé kíkọ, mo kí yín o. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí tẹ́lẹ̀. Ìwé ìtàn alàwòrán fún àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́sàn-án ni mò ń kọ, púpọ̀ nínú wọn ní èdè Yorùbá, ọ̀kan ṣoṣo ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń lọ sí àjọ̀dún ìwé àti ìpàtẹ ìwé. Mo ti ń lọ sí àjọ̀dún ìwé Aké láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń ṣe é nílùú wa níbí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Èkó ní 2018. Mo ti ka ìtàn fún àwọn ọmọdé ní LABAF, àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà ti Èkó, ní Freedom Park. Mo sì ti rìn káàkiri ìpàtẹ ìwé ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Èkó lóṣù karùn-ún. Owó ara mi ni mo fi ń wọkọ̀, owó ara mi náà ni mo fi ń sùn sí ilé ìtura bí n kò bá ní ìbátan nítòsí.

Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé òwúrọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ètò àwọn ọmọdé sí, lábẹ́ àgọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tí àwọn òǹtẹ̀wé àti àwọn oníròyìn kò tíì dé. Nígbà tí wọn yóò bá fi dé, àwọn ọmọ ti wọ bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wọn padà, ìjíròrò àwọn àgbà ló sì kù. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ènìyàn mú ohun mímu lọ́wọ́ tí wọ́n ń kí ara wọn, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí léèrè irú ìwé tí mò ń kọ, bí mo bá ti dáhùn pé ìwé ọmọdé ni, ohun tí yóò tẹ̀ lé e kò ju pé ìgbà wo ni n óò wá kọ ìwé gidi. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dáhùn.

Mo fẹ́ mọ bí ẹ̀yin ṣe ń bá òǹtẹ̀wé sọ̀rọ̀ ní irú ibi bẹ́ẹ̀ láìṣe bí ẹni tó wá tọrọ nǹkan, nítorí pé ẹnì kan ṣoṣo tó fetí sí mi dáadáa ní ìpàtẹ kan sọ pé òun yóò gbé ìwé mi jáde tí mo bá lè san owó ìtẹ̀wé. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ó tọ́ kí n béèrè owó iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá pè mí wá ka ìtàn. Èyí tó sì ń ká mi lára jù ni pé nígbà tí mo bá ń ka ìtàn Yorùbá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ní Èkó, ojú wọn ń fi hàn pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà kò yé wọn. Ṣé kí n máa lọ ni, àbí kí n jókòó sílé kí n máa kọ̀wé mi?

Òǹkọ̀wé kan láti Ìbàdàn

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Àjọ̀dún ìwé àti ìpàtẹ ìwé kì í ṣe ohun kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ni a ń rí níbi méjèèjì. Aké tí Lọlá Shónẹ́yìn dá sílẹ̀ ní 2013, àti LABAF tí ẹgbẹ́ CORA ti ń ṣe láti 1999, ibi ọ̀rọ̀ ni wọ́n; àwọn òǹkàwé ló ń wá síbẹ̀ láti gbọ́ ohùn òǹkọ̀wé. Ní ti ìpàtẹ ìwé, ọjà ni: ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí àwọn olùtàwé, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé ilé-ẹ̀kọ́, àti àwọn olùkọ́ tó wá wo ohun tí wọn yóò fi kọ́ ọmọ ní sáà tó ń bọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ pinnu ohun tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ má bàa máa wá òǹtẹ̀wé níbi tí òǹtẹ̀wé gan-an ti wá ṣe fàájì.

Nígbà tí ẹ bá dé ìsọ̀ òǹtẹ̀wé, ẹ má ṣe fi ìwé àfọwọ́kọ lé e lọ́wọ́, nítorí kò sí ibi tí yóò gbé e sí láàárín èrò yẹn, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń palẹ̀ mọ́. Ẹ wo àwọn ìwé ọmọdé tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ẹ ra ọ̀kan, kí ẹ béèrè ẹni tó jẹ́ olóòtú ìwé ọmọdé níbẹ̀ àti bóyá wọ́n ṣì ń tẹ ìwé Yorùbá tí kì í ṣe ìwé kíkà fún kíláàsì. Ẹ gba àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀, kí ẹ sì kọ̀wé sí i kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó dára jù láti ṣe èyí, nítorí pé ní ọjọ́ tí wọ́n máa parí ó ti rẹ gbogbo wọn.

Ní ti ẹni tó ní kí ẹ san owó ìtẹ̀wé, ẹ mọ̀ pé oníbàárà rẹ̀ ni ó fẹ́ fi yín ṣe. Kò burú tí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé ìwé yín jáde fúnra yín, ṣùgbọ́n bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gba ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, lórúkọ ara yín lọ́dọ̀ National Library of Nigeria, kí ẹ sì béèrè iye owó ìtẹ̀wé lọ́wọ́ bíi atẹ̀wé mẹ́ta ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé ní Èkó, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí nínú owó yẹn yóò yà yín lẹ́nu.

Ayàwòrán kan láti Èkó

Mo gbà pẹ̀lú bàbá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi kún un pé ẹni tó ń kọ ìwé alàwòrán gbọ́dọ̀ máa wá àwa ayàwòrán náà ní àwọn ibi wọ̀nyí. Ní ìpàtẹ ìwé ọmọdé tí wọ́n máa ń ṣe ní ìlú Bologna ní orílẹ̀-èdè Ítálì lọ́dọọdún, ògiri ńlá kan wà tí àwọn ayàwòrán láti gbogbo ayé máa ń lẹ iṣẹ́ wọn mọ́ pẹ̀lú àdírẹ́sì wọn, àwọn olóòtú a sì máa dúró níwájú rẹ̀ wò ó fínnífínní. A kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀ níbí. Ẹ ní láti béèrè ni. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ rù ìwé yín lọ sí Bologna láti lọ tà á: àwọn tó ń ra ẹ̀tọ́ ìtumọ̀ àti ẹ̀tọ́ àtúntẹ̀ ló ń pàdé níbẹ̀, wọ́n sì ti bá ara wọn ṣàdéhùn àkókò tipẹ́tipẹ́ kí ọjọ́ tó pé.

Tí ẹ bá fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan gbé ìwé yín jáde, ẹ má kọ́kọ́ sanwó fún ayàwòrán, nítorí pé àwọn ni wọ́n sábà máa ń yan ẹni tí yóò ya á. Tí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ fẹ́ gbé e jáde, ẹ ṣe ìwé àdéhùn. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022, ẹni tó ya àwòrán ló ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ àfi tí àdéhùn mìíràn bá wà lákọsílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti sanwó iṣẹ́ fún un. Ayàwòrán ni mí, ó sì wù mí kí òfin náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti rí òǹkọ̀wé tí kò lè tún ìwé rẹ̀ tẹ̀ nítorí pé òun àti ayàwòrán ti jà.

Alábòójútó ilé-ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Èmi ni mo máa ń kó àwọn ọmọ wá sábẹ́ àgọ́ yẹn, mo sì fẹ́ sọ ohun tí àwọn òǹkọ̀wé kì í rí. Àwọn ọmọ tó jókòó níwájú yín kò ní owó lọ́wọ́. Àwọn òbí wọn wà níbi iṣẹ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kò wá, èmi àti olùkọ́ méjì tó bá wọn wá kò sì ní àṣẹ láti ra ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí ọgọ́rùn-ún ọmọ fi lè pàtẹ́wọ́ fún yín tí ẹ ó sì ru ìwé yín padà sílé. Ìtàn yín kò ní àbùkù kankan. Ẹni tó ń ra ìwé ni kò sí níbẹ̀.

Ohun tí mo rí pé ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ béèrè orúkọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò rẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́tà kékeré kan ránṣẹ́ sí wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, tí àwòrán èèpo ìwé yín àti iye owó rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kí àwọn olùkọ́ pín in fún àwọn òbí. Ọmọ tó bá ti mú owó wá láti ilé yóò fẹ́ kí ẹ kọ orúkọ òun sínú ìwé náà. Lẹ́yìn àjọ̀dún, ẹ kọ̀wé sí àwa alábòójútó ilé-ìkàwé. Oṣù kẹrin àti oṣù karùn-ún ni a máa ń wá òǹkọ̀wé lójú méjèèjì, nítorí ọjọ́ ìwé ọmọdé lágbàáyé tó bọ́ sí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, ọjọ́ ìwé lágbàáyé tó bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kan náà, àti ọjọ́ àwọn ọmọdé ti Nàìjíríà ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún.

Ní ti èdè, ẹ má ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn ní ègbè orin inú ìtàn kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá pe "Ààlọ́ o!", ẹ dúró kí gbogbo wọn dáhùn "Ààlọ̀!", kódà àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ìtàn náà lẹ́nu, kí ẹ máa fi àwòrán hàn wọ́n, kí ẹ sì ka ojú ìwé kan péré jáde. Ọmọ tí kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ yín yóò ṣì kọ orin náà nínú bọ́ọ̀sì títí a ó fi délé. Èmi ni mo máa ń gbọ́ ọ, ó sì máa ń sú awakọ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù

Ohun tí alábòójútó ilé-ìkàwé yìí sọ ṣe mí bí ẹni pé ó mọ Àtinúkẹ́, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tó sì ń gbé ní Wales báyìí. Apàlọ́ ni kí ó tó di ẹni tó ń kọ̀wé fún ọmọdé.

Lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, ẹ má tijú láti béèrè. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, Philip Pullman, òǹkọ̀wé ọmọdé ará Gẹ̀ẹ́sì, fi ipò alátìlẹ́yìn tó wà nínú àjọ̀dún ìwé Oxford sílẹ̀ nítorí pé wọn kì í sanwó fún àwọn òǹkọ̀wé tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó gbé àgọ́ wá gba owó, ẹni tó tẹ ìwé ètò gba owó, ẹni tí gbogbo ènìyàn tìtorí rẹ̀ wá nìkan ni wọ́n ń retí pé kí ó ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Níbí, ẹgbẹ́ Society of Authors máa ń tọ́ àwọn òǹkọ̀wé sọ́nà lórí iye tó yẹ kí wọ́n béèrè tí wọ́n bá lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Mo mọ̀ pé àpò àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún nílé kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ní owó iṣẹ́, kí wọ́n san owó ọkọ̀ àti ibi tí ẹ ó sùn. Bí wọn kò bá lè ṣe ìyẹn náà, kí wọ́n ra ogójì ìwé fún àwọn ọmọ tó wá. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí ẹ tó gbà láti wá.

Ẹ tún rántí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Yorùbá tí àwọn òbí máa ń ṣe fún àwọn ọmọ wa níbí ní ọjọ́ Sátidé. Ìwé Yorùbá alàwòrán tí kò le jù ni a ń wá kiri.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan láti Iléṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tako yín díẹ̀. Mo ti rí àwọn tó mọ gbogbo ènìyàn nínú àjọ̀dún ìwé tí wọn kò ní ìwé tuntun kankan láti fi hàn. Ẹ̀bùn ìwé Nàìjíríà tí NLNG, ilé-iṣẹ́ afẹ́fẹ́ gáàsì, ń fúnni, tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là, a máa dé orí ìwé ọmọdé lẹ́yìn tí ìtàn àròsọ, ewì àti eré oníṣe bá ti gba tiwọn. Ní 2015 àwọn adájọ́ sọ pé kò sí ìwé kankan tó tó bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbà á. Jude Idada gbà á ní 2019, Olúbùnmi Fámilóni sì gbà á ní 2024. Ìwé ni àwọn adájọ́ náà kà. Tí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ̀yin, ìpàtẹ kan lọ́dún ti tó, n óò sì fi àkókò tó kù tún ìwé Gẹ̀ẹ́sì yẹn kọ kí ó lè dúró níwájú wọn.

Ẹni tó béèrè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Bàbá Iléṣà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí mò ń kọ̀wé fún kò mọ NLNG, bí wọ́n ṣe ń fèsì nígbà tí mo bá ń sọ ìtàn náà sì ni mo fi ń mọ ojú ìwé tí mo gbọ́dọ̀ gé kúrò. N kò ní dẹ́kun lílọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣì fẹ́ bi alábòójútó ilé-ìkàwé: nínú lẹ́tà sí àwọn òbí yẹn, ṣé iye tí wọ́n ń ta ìwé náà ní ilé ìtàwé ni kí n kọ, àbí kí n dín in kù?

Alábòójútó ilé-ìkàwé

Ẹ dín in kù díẹ̀, Àǹtí, nítorí ẹ kò ní san èrè olùtàwé lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ iye tí kò ní nílò ṣéńjì, nítorí àwa olùkọ́ ni a máa ń wá ṣéńjì kiri láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé-ìkàwé wa ṣáájú, kí àwọn ọmọ ti mọ orin rẹ̀ kí ẹ tó dé.