Bátìrì wo ló lè gba òtútù orí òkè Cairngorms? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkànní_Aberdeen: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ gbé AudioMoth 6, ẹ̀rọ kékeré tó ń dá gba ohùn sílẹ̀, sórí òkè Cairngorms, níbí ní Scotland, láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kẹrin. Ohùn ptarmigan la fẹ́ gbà sílẹ̀, ẹyẹ kan tó dà bí àparò, tí ìyẹ́ rẹ̀ máa ń funfun báláú lásìkò yìnyín. Mo kọ́kọ́ gbé 2 lọ láti dán wọn wò. Mo ki bátìrì alkaline tuntun bọ̀ wọ́n nínú, mo sì ṣètò wọn pé ìgbà tí wọ́n bá gbọ́ ariwo nìkan ni kí wọ́n máa gba ohùn sílẹ̀, kí bátìrì má baà tètè tán. Ọjọ́ 9 péré, méjèèjì ti dákẹ́. Kí ni kí n rà? Owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ o.

Ìyá_Ìbejì_Calgary: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Omi wà lára ohun tí wọ́n pò sínú alkaline. Bí òtútù bá ti mú un, agbára rẹ̀ á já wálẹ̀. Lithium AA ni kó o rà, èyí tí wọn kì í ṣáájì, tí wọ́n kọ 1.5V sí lára. Ó ń ṣiṣẹ́ dé −40, ó sì fúyẹ́ ju alkaline lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbé e gun òkè lẹ máa mọ̀ ọ́n. Ó wọ́n, mi ò ní purọ́. Mo ń lò ó fún òwìwí níbí, −30 ò dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n má gba àmì bátìrì gbọ́: á máa sọ pé òun ṣì kún, títí tó fi máa kú lójijì. Ọjọ́ ni kó o máa kà.

Bàbá_Sólà_Ìbàdàn: Kí ló dé tẹ́ ò gbé pánẹ́ẹ̀lì kékeré kan àti páwà báǹkì síbẹ̀? Òun là ń lò ní Bódìjà.

Tádé_Dundee: Bàbá wa, oòrùn Bódìjà kọ́ nìyẹn o 😀 Lóṣù Kejìlá, ojúmọ́ ibẹ̀ ò pé wákàtí 7, yìnyín á tún bo pánẹ́ẹ̀lì. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Lọ́dún 1986, wọ́n wọn èyí tó ń sáré kìlómítà 278 ní wákàtí kan lórí Cairn Gorm. Pánẹ́ẹ̀lì á di ìgbòkun ni. Iná tí AudioMoth ń fà sì kéré débi pé ọ̀pọ̀ páwà báǹkì á rò pé kò sí nǹkan lára àwọn, wọ́n á pa ara wọn. Bátìrì inú wọn ò sì gbọdọ̀ gba ṣáájì nínú òtútù tó bá ti wà nísàlẹ̀ 0, ó ń bà á jẹ́.

Àkànní, òtútù nìkan kọ́ ló pa tìẹ. Ṣé o ti ṣí káàdì ẹ wò? Afẹ́fẹ́ náà, ariwo ni.

Àkànní_Aberdeen: Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i tán ni. Fáìlì 40 ni mo gbọ́. Fùùùùù ni gbogbo ẹ̀, àfi ẹyẹ kan ṣoṣo láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Tádé_Dundee: Ó ti ṣe mí rí. Yọ ètò tó ń dúró de ariwo yẹn kúrò. Ìdájí ni ẹyẹ yẹn ń ké jù, jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gba wákàtí mélòó kan nígbà yẹn, kó sùn ìyókù. Fi àyè sílẹ̀ o, ìdájí oṣù Kejìlá kọ́ ni ìdájí oṣù Kẹrin. Ohùn rẹ̀ ò tín-ín-rín, 16 kHz ti tó, ìyẹn ni pé kí ẹ̀rọ máa wọn ohùn nígbà 16,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Káàdì ò ní tètè kún, iná tí wọ́n fi ń kọ ọ́ á sì dín kù. Wá ẹ̀yìn àpáta tí afẹ́fẹ́ ò ti kọjú sí, kó o fi fóòmù bo ojú ihò ohùn.

Ìyá_Ìbejì_Calgary: Ó kù kan. Àwọn AA tí wọ́n ń fi USB ṣáájì, má rà wọ́n. Nǹkan kékeré kan wà nínú wọn tó ń yí iná padà, ó lè máa kùn wọnú ohùn tó o gbà. Owó mi ló kọ́ mi.

Àkànní_Aberdeen: Ẹ ṣeun gan-an. Lithium 18 ni mo ń rà lọ́la, 3 fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá_Sólà_Ìbàdàn: Ẹyẹ ọ̀hún gan-an, báwo ló ṣe ń ké?

Àkànní_Aberdeen: Bí ọ̀pọ̀lọ́ tó ń gùnfẹ̀ ni, bàbá.