Ṣé kí n dí eyín yìí lẹ́ẹ̀kẹta?
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kétu ni mo wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dí eyín tí mo fi ń fọ́ egungun, ẹ̀ẹ̀mejì ló jábọ́. Ti ìkẹyìn, inú gààrí ni mo ti bá a! Dókítà eyín kan ní Àjàṣẹ́ fẹ́ fi chlorhexidine pa ojú ihò náà kó tó ta àtè sí i. Ó ní oògùn yìí ń pa kòkòrò àìfojúrí, ó sì ń dá àwọn èròjà inú eyín gan-an tó máa ń jẹ ìdè àtè dúró. Ó tún dárúkọ àtè kan láti Japan tó ní MDPB, oògùn apakòkòrò mìíràn, nínú: oògùn náà so mọ́ àtè, kì í ṣàn lọ. Àmọ́ owó rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ta ló ti ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì? Ṣé ó pẹ́ lẹ́nu yín? Àbí kí n kúkú yọ eyín náà, bí ìyá mi ṣe ń wí?